Ìṣẹ́gun Kẹfà

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé wọn kì í kí ẹni tó ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìkíni mìíràn tó bá ẹnu mi mu. Oṣù Kejìlá ti tún dé. Òjò ò jẹ́ ká sinmi. Bùkọ́lá àbúrò mi ti di nọ́ọ̀sì ní Wigan ní Ìlú Ọba níbí, èmi sì ti kó lọ sí Eccles. Mi ò lè gbé ilé wa ní Newton Heath mọ́. Bí mo bá ti jáde níbẹ̀, ẹ̀yìn mi a máa ṣe mí bákan, bíi pé ẹ ṣì dúró lójú wíńdò, tí ẹ ń wò mí títí tí màá fi yà ní kọ̀rọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú oṣù yìí. Àsìkò yìí ni àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń gbá bọ́ọ̀lù ìparí ọdún wọn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá, tí a ń dé akoto gbá. Bowl ni wọ́n ń pè é. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín lórí fóònù? Ẹ ní, "Abọ́? Ṣé wọn ò ní abọ́ nílé ìwé yín ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lẹ ti ń bá mi ṣàwàdà.

Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ. Nígbà tí kóòṣì ará Amẹ́ríkà kan rí fídíò mi, tó ní ilé ìwé òun máa fún mi ní sikọ́láṣíìpù, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi yín pé irú eré àforígbárí wo nìyẹn. Ẹ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì lọ ra àpótí fún mi. Ẹ ò mọ òfin eré náà rárá. Tí mo bá pè, ẹ óò gbé fóònù síwájú ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bu búrẹ́dì jẹ, ẹ óò wá pariwo pé, "Ṣé wọn ò ṣe ẹ́ léṣe? Ṣé o ti jẹun?"

Lọ́dún tí ẹ fi abọ́ ṣàwàdà yẹn, ẹgbẹ́ wa ò dáa. Òfin wọn ni pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹfà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìlá kí wọ́n tó lè pè é sí bowl. Tí wọ́n bá pè yín, ilé ìwé lẹ máa wà gba Kérésì kọjá, ẹ ó máa ṣe ìdánrawò. Tí wọn ò bá pè yín, kálukú a gba ilé lọ. A ti borí lẹ́ẹ̀marùn-ún nígbà tó ku ẹyọ kan. Bí a bá fìdí rẹmi, màá wọ bàálù wá sílé. Ó ku ìṣẹ́jú kan péré, díẹ̀ la fi ń ṣáájú, ẹgbẹ́ kejì ti ń sún mọ́ ẹnu ààlà wa, ni bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Gbogbo wa la bẹ́ lé e, àmọ́ abẹ́ ikùn tèmi ló bọ́ sí. Mo wà lábẹ́ òkìtì èèyàn, mo fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra bí ọmọ tuntun. Bí wọ́n ṣe pè wá sí bowl nìyẹn. Bí mi ò ṣe wálé nìyẹn.

Ẹ ò sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ni. Láti oṣù Kẹsàn-án lẹ ti mọ̀, tí ẹ fi Bíbélì mú Bùkọ́lá búra. Lọ́jọ́ Kérésì, ẹ ní kámẹ́rà fóònù yín ti bàjẹ́, ẹ ní òtútù ló dí yín lóhùn. Mo gbà. Ta ló ń gba irú irọ́ bẹ́ẹ̀, Màámi? Ẹni tó fẹ́ gbà á ni.

Ọjọ́ kejì Kérésì la gbá bọ́ọ̀lù náà, ní ìlú kan tí oòrùn ń ràn ganrínganrín. Wọ́n ti gba fóònù gbogbo wa. Èèyàn ò kún pápá náà dé ìdajì. Ìdajì àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí mo gbọ́ oríkì mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń fi oríkì yẹn pè mí. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo Amẹ́ríkà. Òkè lápá òsì ló ti wá, ohùn yín gan-an, kì í ṣe ohùn aláìsàn, ohùn tí ẹ fi máa ń jí mi lọ sílé ìwé ni. Mo ní, "Mà!" Mo yíjú. Àga ṣíṣófo ni mo rí. Ẹni tó yẹ kí n dá dúró gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ jẹ ayò. Kóòṣì bú mi bí ẹni láyin.

Nígbà tí wọ́n dá fóònù padà, Bùkọ́lá ti pè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. "Bọ̀dá mi, Mọ́mì ti lọ." Mo bi í pé aago mélòó. Ó sọ ọ́. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí aago wa ò dọ́gba. Mi ò tíì sọ èsì ìṣirò yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́fà rèé, ni mo ti ń bínú sí yín. Mo ní ẹ fi mí ṣe òmùgọ̀. Mo ní ẹ ò mọ ohun tí bọ́ọ̀lù yẹn gbà lọ́wọ́ wa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Bùkọ́lá yà kí mi lẹ́yìn ìsìn. Bowl bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo dìde láti pa á bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Mọ́mì wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹ fi borí lẹ́ẹ̀kẹfà yẹn."

Mo jókòó padà. Ó ní orí lápútọ́ọ̀pù òun lẹ ti wò ó ní ọsibítù, òun sì ti ṣàlàyé òfin wọn fún yín dáadáa. "Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, mo ń gbàdúrà sókè pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n na yín, kí ẹ lè wálé. Mọ́mì fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Wọ́n ní, 'Bùkọ́lá, yí àdúrà yẹn padà. Ọmọ mi ò gbọdọ̀ fìdí rẹmi nítorí mi.' Nígbà tí ẹ ṣubú lé bọ́ọ̀lù yẹn, wọ́n pariwo halelúyà débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé."

Mo ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Wọ́n kọjú sí ògiri. Wọn ò yíjú padà títí ilẹ̀ fi mọ́."

A wo bọ́ọ̀lù náà tán. Mi ò mọ ẹgbẹ́ tó borí.

Kí lẹ ń wò lára ògiri yẹn, Màámi? Ṣé ẹ ń sunkún ni? Bùkọ́lá ò mọ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ Ìsinmi náà ni mo ti ń wá ìbínú mi, mi ò rí i mọ́. Ìbànújẹ́ tí ìbínú náà ti ń dí lọ́nà láti ọdún mẹ́fà ti wọlé, kò kan ilẹ̀kùn. Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, kò sì jọ ẹni tó ń lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ àlejò tọ́jú. Kí ni kí n ṣe fún un?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó borí, tí kò tètè délé.