Àtẹ́wọ́ Ìyàwó Mi Tó Wà Nínú Kíbọ́ọ̀dù

Èmi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Oníkíbọ́ọ̀dù, sọ ọ́ ní gbangba pé orí mi pé, ojú mi là, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi kọ ìwé ìhágún yìí. Kì í ṣe àìsàn ló mú mi kọ ọ́. Ohun tí mo gbọ́ láàárọ̀ àná ni. Ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ, mo ti fà á ya.

1. Ilé mi, yàrá mẹ́rin pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù iwájú, di ti ọmọ mi obìnrin, agbẹ̀bí. Kó tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, kí òrùlé náà yéé fi jíjò rẹ̀ dá mi lágara.

2. Ológbò mi di ti télọ̀ tó wà ní ọ̀kánkán ilé wa, ẹni tí mo fi ṣe alámòójútó ogún mi. Ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń jẹun tẹ́lẹ̀, ó kàn ń wá sùn lọ́dọ̀ mi ni.

3. Gbogbo irinṣẹ́ mi àti kíbọ́ọ̀dù ńlá orí tábìlì di ti àbúrò mi ọkùnrin, Ìgbàlódé.

Ẹ má pariwo. Mo mọ̀ pé mo búra pé kò ní wọ ilé mi mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún àwọn ìlù tó bá kíbọ́ọ̀dù wá láti ilé iṣẹ́ ṣe, kí wọ́n lè bá ti òde òní mu. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó tún tèmi ṣe. Ìlù kan wà níbẹ̀, nọ́ńbà ọgọ́rin, tí mo gba ìró àtẹ́wọ́ ìyàwó mi sílẹ̀ sí nígbà tó wà láyé. Ìró rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù sọ́dọ̀ mi nìyẹn. Mo tẹ ọgọ́rin, ìlù àjèjì ló dáhùn, gbìì gbìì bí ẹni ń wó ògiri. Mo pa á kí ìbẹ̀rẹ̀ orin tó parí. Àbúrò mi bẹ̀ mí pé kí n fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́: mo pè é ní apààyàn, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Mi ò tẹ ọgọ́rin mọ́ láti ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ àná, ọmọ mi ń nu kíbọ́ọ̀dù, ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì tẹ ọgọ́rin, kò sì tètè pa á. Ìbẹ̀rẹ̀ orin parí. Yéè! Àtẹ́wọ́ ìyàwó mi gba gbogbo ilé! Òun gan-an ni, tó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó pàdé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò mi ò fọwọ́ kàn án rárá, ó kàn to ìlù tuntun yí i ká ni. Èmi tí mo fi ogójì ọdún tún kíbọ́ọ̀dù ṣe, mi ò lè dúró gbọ́ ìlù kan tán! Ojú tì mí. Mo ṣẹ̀ ẹ́.

4. Kí télọ̀ má dúró de ikú mi kó tó ka ìpín kẹta fún àbúrò mi. Kó lọ kà á fún un lónìí.

Àfikún, ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà: Àbúrò mi dé. Agbẹjọ́rò tó ń bá mi ṣètò ìwé yìí ní ó ku ẹlẹ́rìí kan, àti pé ẹni tó bá jẹ́rìí kò lè jogún. Ọmọ mi ò lè fọwọ́ sí i. Télọ̀ náà ò lè fọwọ́ sí i, nítorí ológbò. Àbúrò mi gba bírò, ó yọ̀ǹda ogún tirẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ó ní kí irinṣẹ́ àti kíbọ́ọ̀dù di ti ọmọ mi, kí kíbọ́ọ̀dù dúró síbi tó wà, kí a ṣáà tẹ ọgọ́rin, kí n má sì pa á.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Olùhágún: Bàbá Oníkíbọ́ọ̀dù
Ẹlẹ́rìí kìíní: Agbẹjọ́rò
Ẹlẹ́rìí kejì: Ìgbàlódé, àbúrò rẹ̀