Àlejò Tó Sùn ní Yàrá Òkè

Whitby,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 1953.

Thirza ọmọ mi,

Mo kí ẹ kú òtútù Canada, mo sì kí ọkọ ẹ. Mo gbàgbọ́ pé oúnjẹ ti ń dúró nínú ẹ báyìí, àti pé ọmọ ń yí nínú ẹ bó ṣe yẹ. Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́, àmọ́ oorun ti di ohun tí mò ń wá kiri.

O kọ̀wé pé o ka ìròyìn Leonard Pask, apànìyàn tí wọ́n háyà láti pa opó, ìyẹn èmi ìyá ẹ, tí àánú mi sì ṣe é. O ní kí n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má baà yẹgi fún un. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ.

Nígbà tó wá gba yàrá òkè, ó ní aago lòun ń tún ṣe. Ó bá mi tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, ó sì máa ń sìn mí rìn lórí òkè etí òkun. Bí mo bá gbé ẹja díndín síwájú ẹ̀, á ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n sanra débi tí mi ò ní lè gba ẹnu ọ̀nà yín jáde ni?" Èmi náà á ní, "Jẹun jàre, egungun lásán!" Láti ìgbà tí bàbá ẹ ti kú, ẹ̀rín ò tíì wọ ilé yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ti ń mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ kan ni àwọn ọlọ́pàá wọlé wá mú un, nítorí ọkùnrin kan tó yìnbọn pa ní ìlú Hull. Wọ́n rí ìbọn nínú àpò ẹ̀, wọ́n sì rí fọ́tò mi, èyí tí a yà lọ́jọ́ ìsàmì ẹ. Ẹnì kan ti fi àlùmọ́gàjí gé ẹ kúrò nínú ẹ̀. Ọwọ́ ẹ kékeré nìkan ló kù léjìká mi. Ìdílé wa nìkan ló ní fọ́tò yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Cuthbert àbúrò bàbá ẹ ti jẹ́wọ́ pé òun ló háyà Leonard. Ilé bàbá wọn yìí ló fẹ́ gbà. Cuthbert tó gbé pósí bàbá ẹ!

Mo lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kí n tó fọwọ́ sí ìwé náà. Mo ní, "Leonard, kí ló dé tí o dá mi sí?"

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mi ò dá yín sí. Mo fẹ́ tì yín láti orí òkè yẹn, káyé lè rò pé ẹ yọ̀ ṣubú ni. Kùrukùru ni mò ń dúró dè kẹ́nikẹ́ni má baà rí wa. Kò tètè wá."

"Ẹ̀rín tá à ń rín ńkọ́?"

"Òótọ́ ni ẹ̀rín yẹn, Màmá. Ohun tó ń dẹ́rù ba èmi náà nìyẹn."

Thirza, ó mọ̀ pé irọ́ kan ṣoṣo lè gba òun là, síbẹ̀ kò pa irọ́ náà. Mo fọwọ́ sí ìwé náà. Wọ́n yẹgi fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá.

Ní báyìí, bí kùrukùru bá ti bo etí òkun, màá ti ilẹ̀kùn, màá jókòó. Màá máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sìn mí jáde. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé inú mi máa ń kọ́kọ́ dùn.

Kí Ọlọ́run sọ̀ ẹ́ kalẹ̀ láyọ̀. Kó fún ọmọ tí o máa bí ní ojú tá a fi ń mọ èèyàn.

Èmi ni ìyá tó bí ẹ,
Winifred.

Àfikún: Ìyàwó Cuthbert gbé kéèkì wá lánàá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Mo ní kó wọlé. A jọ mu tíì, àmọ́ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kéèkì náà.