Páálí Mẹ́fà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Kan

Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹwàá 1978

NEPA mú iná lọ ní aago mẹ́sàn-án. Gbogbo Kuje, àdúgbò wa létí ọ̀sà, ṣókùnkùn títí dé Fẹ́sítáàkì. Àwọn ará ilé ń ṣépè, èmi ń dúpẹ́. Mo gbé kámẹ́rà gun orí dẹ́kìn, òrùlé kọnkéré ilé wa.

Kí n kọ bí mo ṣe kan ohun tí kámẹ́rà ń jókòó lé sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé. Pákó méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ínjì ilẹ̀kùn so wọ́n pọ̀ bí ẹ̀yìn ìwé. Bóòtù kan wà láàrin wọn. Bí mo bá ń yí bóòtù náà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, pákó òkè á máa tẹ̀ lé àwọn ìràwọ̀ bí wọ́n ti ń lọ. Kámẹ́rà dúró lórí rẹ̀ — àlòkù, ₦22, oṣù méje ni mo fi san án. Fíìmù jẹ́ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tí Ọ̀gá Adébánjí fẹ́ dà nù ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wa ní Mile 2. Ọ̀fẹ́.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni pákó ìsàlẹ̀ ní: méjì níhà àríwá, ọ̀kan níhà gúúsù tó kọjú sí ọ̀sà. Símẹ́ǹtì ni mo fi mọ ibi tí wọ́n jókòó sí. Ínjì gbọ́dọ̀ kọjú sí Alàgbà gan-an — orúkọ tí mo sọ ìràwọ̀ àríwá nìyẹn, nítorí gbogbo àwọn yòókù ń rìn, òun kì í fi àga rẹ̀ sílẹ̀. Bíró tí mo yọ inú rẹ̀ dànù, tí mo so mọ́ ínjì, ni mo fi ń wò ó. Ní aago méjìlá òru, ó wà láàrin ihò bíró géérégé.

Mo ṣí ojú kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí Èéfín, ìkùukùu ìmọ́lẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò. Ọwọ́ ń ro mí.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kọkànlá

Mo fọ fíìmù lẹ́yìn iṣẹ́. Èéfín jáde! Ó ní apá méjì bí ẹyẹ. Ojú ènìyàn a máa gbàgbé ìmọ́lẹ̀ kíá. Fíìmù kì í gbàgbé, ó ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń dá àjọ.

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kọkànlá

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ìràwọ̀ ń fi ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n yára dé. 11:32 ni mo gòkè. Alàgbà ti rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ nínú bíró. Mo gé páálí fíìmù, mo fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ ìhà ọ̀sà. Ó padà sáàrin. Bóyá símẹ́ǹtì mi ni kò tíì gbẹ.

Bàbá Gbádégẹṣin, onílé wa, ti ń kó búlọ́ọ̀kù gòkè. Ó fẹ́ fi àjà kan kún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ó ní kí n wá ibòmíràn fún eré ìràwọ̀ mi. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ló ń gbà lọ́wọ́ mi lóṣù nítorí dẹ́kìn yìí. Kò sọ̀rọ̀ pé òun á dá a padà.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kọkànlá

Òjò láti ìdájí. Ilẹ̀kùn Sìlífátù kò ṣí láàárọ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí ọ̀sà ni tirẹ̀, òun àti ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ wakọ̀ lọ sí Sókótó. Èmi ni mo fi èjìká tì í láti ìta. Ó ń rẹ́rìn-ín: "Àǹtí Fọ́tò, ilẹ̀kùn yìí ti di ọkọ mi o. Kò fẹ́ kí n jáde mọ́!"

A gbà pé òjò ló mú pákó wú.

Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kọkànlá

Òṣùpá pọ̀ jù, kò sí fọ́tò. Mo kàn yẹ Alàgbà wò, 11:04. Ó tún ti rọ̀. Páálí kan sí i. Páálí kò kúkú ná mi ní kọ́bọ̀.

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kọkànlá

10:36. Páálí méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá Adébánjí sọ pé ìwé òun ní Alàgbà náà ń yí díẹ̀. Mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń yí aago mi padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n lè bá a lójú kan náà. Kì í ṣe òun.

Mo ka búlọ́ọ̀kù orí dẹ́kìn: 310. Ìhà ọ̀sà ni wọ́n tò wọ́n sí.

Ajé, 20 Oṣù Kọkànlá

Agolo wàrà ọmọ Sìlífátù bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ bá ògiri ọ̀sà. Mo gbé e padà sáàrin yàrá. Ó tún yí lọ.

Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kọkànlá

10:08. Páálí méjì míì. Ó pé mẹ́fà.

Mo jókòó ti pákó, n kò ya nǹkan kan. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni kò gún, ǹ bá ti fi sábẹ́ àwọn méjì yòókù rí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Alàgbà kì í fi àga rẹ̀ sílẹ̀. Ta ló wá ń kúrò?

Mo fa páálí yọ, mo fi rúlà wọ̀n wọ́n, mo sì dá wọn padà. Mìlímítà mẹ́ta. Mẹ́ta ni ilé fi rọ̀ nínú ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo fi okùn wọn ilé láti ojú títì dé ìhà ọ̀sà: ẹsẹ̀ bàtà 36.

36 × 3 = 108.

Ìhà ọ̀sà ti fi mìlímítà 108 rì, ó lé ní ínṣì mẹ́rin. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Àìkú, 26 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ bá Bàbá lẹ́yìn ìsìn. Ó ń jẹun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé ń tẹ̀ sí ọ̀sà." Mo ṣàlàyé ìràwọ̀, bíró àti páálí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó nu ẹnu.

"Rosaline, ọmọ mi, ṣé ìràwọ̀ tó wà lókè ló wá ń ròyìn ilé tó wà nílẹ̀ fún ọ? Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi rọ símẹ́ǹtì rẹ̀? Tí owó ilé bá wúwo fún ọ, sọ ọ́ tààrà."

Síbẹ̀ ó ṣèlérí pé bíríkìlà á wá wò ó. Mo dúpẹ́.

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀jẹ̀túndé bíríkìlà dé. Ó fi okùn so irin, ó fi kọ́ sí ògiri ìhà ọ̀sà láti òkè. Irin náà jìnnà sí ògiri nísàlẹ̀. Ó ní àwọn tó rẹ́ ògiri ló rẹ́ ẹ nípọn jù lókè. Bàbá wo ojú mi: "O rí i?"

Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Kí n sọ òótọ́ fún ìwé yìí: mo ti san owó ilé títí dé Oṣù Kẹfà. Oṣù méje tó kù, ₦18 lóṣù, ₦126. Bàbá kò ní dá a padà tí mo bá kó jáde. Mo sọ fún Sìlífátù pé kó kó ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ilé wo ló ń sá lọ? Ṣé òun náà jẹ gbèsè ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. N kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kejìlá

9:40. Alàgbà wà láàrin bíró. Kò rọ̀ rárá! Ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa da kọnkéré, nítorí náà alẹ́ ìkẹyìn mi lórí dẹ́kìn nìyí. Mo lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún Èéfín. Ní ìṣẹ́jú keje nǹkan kan dún — gbì — mo gbọ́ ọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ ju etí lọ. Tírélà tó ń lọ sí Trade Fair ni. N kò dáwọ́ dúró. Bí mo ti ti ojú kámẹ́rà pa ni ìkùukùu bo àríwá, n kò rí Alàgbà mọ́.

Ajé, 4 Oṣù Kejìlá

Ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹsẹ̀ rìn wá láàárọ̀ kí owó ọkọ̀ lè kù. Mo kọjá lára àwọn tó ń po kọnkéré. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ti fi àkàbà sí ògiri. Sìlífátù juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun kò sùn lóru, òun á sùn lọ́sàn-án.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ fíìmù tán ni. Mo fi awò wò ó. Gbogbo ìràwọ̀ ló yí róbótó, àfi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìrù kékeré kan. Gígùn kan náà ni gbogbo ìrù náà. Ó bẹ̀rẹ̀ lójijì. Tó bá jẹ́ pé bóòtù ló yọ̀ lọ́wọ́ mi, láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni ìrù ì bá na sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti àríwá sí ọ̀sà ni. Gbogbo wọn. Èéfín pàápàá ní ìrù.

Kì í ṣe tírélà. Ilé ló tẹ̀ lójijì.

Mo fi han Ọ̀gá. Ó sáré jáde lọ dá tákísì dúró. Mo ń kọ èyí ní ìdúró. Aago mọ́kànlá kọjá. Wọ́n á ti da kọnkéré náà tó ìdajì.

Ọ̀gá ń pè mí. Fíìmù ṣì ń kán omi. Inú àpò ni mo kó o sí bẹ́ẹ̀. N kò ní bi onítákísì ní iye tó máa gbà.