Kọ̀ǹpútà Agbẹnusọ Bàbá

Bayamo,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Keje.

Lisandro, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù Montevideo. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Tí o bá béèrè wa, a wà láàyè, ooru nìkan ló fẹ́ bó wa láwọ. Mo ní kí n kọ̀wé dípò kí n pè, torí gbogbo ìgbà tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni Bàbá máa ń jókòó sítòsí, tí wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí lẹ́nu mi. Mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà á, nítorí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí o fi sílẹ̀ ni. Láti ìgbà tí iṣẹ́ abẹ ti gba ohùn lọ́wọ́ Bàbá, òun ló ń gbẹnu wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ kan lójú rẹ̀, a ó sì gbọ́ ohùn wọn gan-an, bí o ṣe gbà á sílẹ̀ kí abẹ tó kàn wọ́n lọ́rùn. Àwọn tó ń kọjá lẹ́bàá wíńdò á dúró, wọ́n á ní, "Ohùn ibùdókọ̀ nìyẹn." O mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi pe orúkọ èrò níbẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ohùn náà ní Bayamo.

Ní oṣù tó kọjá, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀ bí ìgbín. Bàbá á tẹ "omi", ohùn kò ní jáde títí wọ́n á fi dìde lọ bu omi mu fúnra wọn. Ni mo bá gba fíláàṣì lọ́wọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, mo ní màá nu ètò tó ń darí rẹ̀ kúrò, màá sì fi tuntun sí i. Odalmis tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wà ní òpópónà kejì sí wa, ṣùgbọ́n o mọ agídí mi. Mo sọ fún Bàbá pé wákàtí kan péré ni. Wọ́n mi orí pé rárá. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Kò yọrí sí rere. Ètò tuntun náà wọlé dé ìdá méjìlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó dúró. Lẹ́ẹ̀kìíní, iná ló lọ, mo sì di ẹ̀bi náà ru iná. Lẹ́ẹ̀kejì, iná ò lọ, ibẹ̀ náà ló tún dúró sí. Mo gbìyànjú nígbà mẹ́rin, kò kúrò lójú kan. Ètò àtijọ́ ti lọ, tuntun ò wọlé, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ìlà funfun kan ṣoṣo ló ń sọ pé òun ò rí ohun tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sórí àwọn ọ̀rọ̀ Bàbá tí o gbà sílẹ̀. O ti sọ fún mi rí pé apá kejì ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà bi mí pé apá wo ni kí òun nù, mi ò rántí èyí tí mo tẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ilé yìí fi dákẹ́. Bàbá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ti kú náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo gbé ìwé àti bírò fún wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Oúnjẹ ni wọ́n ń fi ṣíbí dà káàkiri inú àwo. Àgbà bíi tèmi, mo lọ ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí, mo sunkún.

Nígbà tó di ọjọ́rú, mo gbé ìtìjú tà, mo lọ pe Odalmis. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Nereida, ìwọ tí ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ta ló wá kọ́ ọ ní èyí?" Ó tú ikùn kọ̀ǹpútà, ó fi írésà nu eyín mẹ́mórì, ó fẹ́ eruku kúrò, ó pààrọ̀ wáyà. Ibi kan náà ló ń dúró sí. Lẹ́yìn náà ló ṣí ojú ìwé tí kọ̀ǹpútà ń pa ọjọ́ mọ́ sí. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2002 ló wà níbẹ̀.

"Wò ó," ó ní. "Bátìrì kékeré tó ń bá a rántí ọjọ́ ti kú. Gbogbo ìgbà tí iná bá ti lọ, ó ń padà sí 2002 nìyẹn. Ètò tó o fẹ́ fi sí i, èṣí ni wọ́n ṣe é. Kọ̀ǹpútà yẹ ìwé ẹ̀rí ẹ̀ wò, ó ní wọn ò tíì bí i, kò sì ní gbà á wọlé."

Kò sí irú bátìrì yẹn ní gbogbo Bayamo. Ohun tó kù ni pé ká fọwọ́ tún ọjọ́ náà ṣe, ká sì parí iṣẹ́ kí iná tó lọ. Aago méjì ni wọ́n máa ń mú iná òpópónà wa, aago méjìlá sì ti kọjá. Mo ní ká yára bẹ̀rẹ̀. Odalmis gbá ọwọ́ mi kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. "Ọ̀rọ̀ bàbá yín la ó kọ́kọ́ kó jáde. A lè rí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ọ̀fun wọn ńkọ́, ibo lo ti fẹ́ rà á?"

Ó ní fíláàṣì kan tó ń jí kọ̀ǹpútà láì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ṣí apá kejì. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, Lisandro, ẹyọ kan ò sọnù.

Wọ́n ń kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń kó wọn: omi, ẹ ṣé, ó ń dùn mí, ẹ pa fáànù. Igba ni ìwọ gbà sílẹ̀, o fi yangàn fún mi lọ́jọ́ tí ò ń lọ. Kọ̀ǹpútà ní igba lé kan. Orúkọ rẹ ni ìkẹyìn. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló wà láàárín ìrìn àjò rẹ àti iṣẹ́ abẹ, gbogbo ìgbà tí mo bá sì dárúkọ rẹ láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn, èsì kan náà ni Bàbá ń fi ìbínú pé o lọ fún mi: "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú lísìtì mi." Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n jókòó síwájú gbohùngbohùn náà láwọn nìkan.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká tó kó wọn tán. Odalmis tún ọjọ́ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ìdá méjìlélọ́gọ́ta, mo di apá rẹ̀ mú títí ó fi ní kí n má já a. Ó kọjá ibẹ̀. Aago méjì lù, iṣẹ́ ṣì ku díẹ̀, àwa méjèèjì gbójú sókè wo fáànù, fáànù ṣì ń yí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣépè fún àwọn tó ń mú iná wa. Lọ́jọ́ náà wọ́n pẹ́, mo sì súre fún wọn. Ó parí, a dá ètò rẹ tó ń fọhùn padà sí i, a dá àwọn ọ̀rọ̀ náà padà.

Odalmis ní kí n tẹ ọ̀kan wò. "Omi" ló yẹ kí n tẹ̀. Ọwọ́ mi lọ sí ti ìkẹyìn.

"Lisandro, wá jẹun."

Ohùn ibùdókọ̀ ni, Lisandro, ó kún ilé, ó dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí Bàbá wà. Wọ́n wọlé. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n gba máòsì lọ́wọ́ mi, wọ́n jókòó, wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀ sí i. Odalmis kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde láì dúró gba kọfí. Iná tó lọ ló dá wọn dúró.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ níbi tí o wà, kí ọwọ́ rẹ má ṣòfò, kí òtútù má rí ọ gbé ṣe, kí ojú wa sì tún kan ara wa láyé ńbí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ṣàárò rẹ,
Nereida.

Mo tún rántí: wá bátìrì pẹlẹbẹ náà méjì fi ránṣẹ́. Ìkejì ni pé Bàbá ti gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Tí fóònù rẹ bá dún láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí o gbé e, tí o kò gbọ́ nǹkan kan, jọ̀wọ́ má pa á. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀ ni.