Ọ̀mọ̀wé Ẹ̀bùnlọlá Ọlábánjí, Ẹni Tí Ó Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Omi Ní Ọmọ Ọdún Márùndínláàádọ́rin

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta ọdún 1950, ní ilé Fáṣínà ní Àgọ́-Ìwòyè, Olúwa fi ọmọbìnrin kan ta Pa Josaya Fáṣínà, tí ó jẹ́ aránṣọ, àti Madam Dọ́káàsì Yíwọlá, tí ó ń ta obì, lọ́rẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá wọn fi wojú Olúwa kí Màmá wa tó dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ wọ́n ní Ẹ̀bùnlọlá. Àwọn nìkan ni òbí wọn bí.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956, ìṣirò sì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Nígbà tí wọ́n sọ pé iṣẹ́ ẹnjiníà ni àwọn yóò kọ́, àwọn àgbà ilé ní kí Pa Josaya kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Pa Josaya dá wọn lóhùn pé, "Èmi ni mo bí i, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ ló fi ń wo ibi tó ń lọ." Ní ọdún 1974 wọ́n gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọkùnrin mọ́kànlélógójì ni ó wà ní kíláàsì náà, obìnrin kan ṣoṣo, Màmá wa.

Ní ọdún 1975 ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan gbà wọ́n síṣẹ́, wọ́n sì fún wọn ní tábìlì àti fáìlì. Wọ́n ní obìnrin kì í wọ kòtò. Ọdún márùndínlógójì ni Màmá fi ka ìròyìn iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Omi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń fà káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà, orí ìwé ni Màmá ti ń rí i.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1977 wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ Ọlábánjí, òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tiwọn. Ní ọdún 1979 wọ́n kó wọ Àfẹ́níù Kẹrin ní Festac Town. Nígbà náà, omi ẹ̀rọ ń gòkè dé àjà kẹta láìdúró. Ìgbà tí yóò fi di pé àwa ọmọ lè ru garawa, omi náà ti lọ, a sì ń rù ú láti ìsàlẹ̀.

Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 2010. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní àwọn ń lọ gba fọ́ọ̀mù. A rò pé fọ́ọ̀mù ṣọ́ọ̀ṣì ni. Fọ́ọ̀mù ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ni.

Ìwádìí náà dá lórí àwọn páìpù àtijọ́ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Púpọ̀ nínú wọn kò sí lórí àwòrán kankan mọ́. Màmá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n gbà, àti ibi tí wọ́n ti ń jò. Ọ̀pá irin gígùn kan ni wọ́n ń lò: wọn á fi ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀, wọn á fi etí ti orí rẹ̀, wọn á máa gbọ́ bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ariwo ọjọ́ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí gbogbo Festac bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni ìgboro máa ń dákẹ́. Nítorí náà Màmá á lọ ìsìn aago mẹ́fà ààbọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, wọn á tú gèlè, wọn á dé fìlà, Bàbá wa á gbé ìwé àti bírò tẹ̀ lé wọn. Àwọn kan nínú ìjọ ń sọ pé ìwé ti yí Màmá lórí. Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ ìwàásù." Afeez Àyàntúndé, púlọ́ńbà ọmọ Ìsẹ́yìn tí ó ń gbé ní Amúwo, ni ó ń bá wọn gbẹ́ ilẹ̀ wò. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Ní oṣù Keje ọdún 2015 Màmá di ọ̀mọ̀wé.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n kọ̀wé wáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aládàáni kan nítòsí Apple Junction tí ó ń ṣe páìpù àti táǹkì omi fún àwọn ẹ́sítéètì. Ẹnjiníà Akínfẹ́nwá, ọ̀gá ibẹ̀, kò tíì pé ogójì ọdún. Nígbà tí ó bá Màmá láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Èwo nínú wọn ni ọmọ yín?"

"Èmi ni mo wá," Màmá dá a lóhùn. "Iṣẹ́ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìwádìí wọn lójú ẹsẹ̀, kò sì jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ipò tí ó ní nílẹ̀ kò ju ti àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lọ. Màmá gbà á. Ní àárọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ bùútù, tí wọ́n dé akoto, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà títí, omijé ń bọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọdé ní àdúgbò kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Mẹ́tàdínlógún wọ ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀mí ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ẹgbẹ́ onílé ní kí ilé iṣẹ́ Màmá wá gbẹ́ bọ́hóòlù tuntun. Màmá ní bọ́hóòlù kọ́ ni yóò wò wọ́n sàn: páìpù kan ti là lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀gbin gọ́tà sì ń wọ inú rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ omi. Wọ́n fi ọ̀pá gbọ́ ilẹ̀, wọ́n sì tọ́ka sí iwájú ilé Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, alága ẹgbẹ́ náà, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da kọnkéré síbẹ̀.

Alága béèrè pé, "Ọ̀mọ̀wé, bí ẹ bá fọ́ ọ tí ẹ kò bá nǹkan kan ńkọ́?"

"Nígbà náà, ẹ má pè mí ní ọ̀mọ̀wé mọ́," Màmá dá a lóhùn.

Wọ́n fọ́ ọ. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí ó fi dé àyà ènìyàn. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bá. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Màmá kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pe Bàbá àti Bukky, ọ̀kan nínú àwa ọmọ, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n ti fi pa mọ́ fún ọdún kan: etí ọ̀tún, tí wọ́n fi ń gbọ́ ilẹ̀, ti ń di. A ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọlá ti tó. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bá Ẹnjiníà Akínfẹ́nwá, wọ́n sì jẹ́wọ́ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Etí mi ló ti lọ, ohun tí mo mọ̀ kò lọ. Ẹ bá mi pe Afeez."

Afeez fi etí ti ọ̀pá. Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ń ṣe bí òjò, Màmá."

"Sún sí ọ̀nà gọ́tà. Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti ń súfèé."

"Má kúrò níbẹ̀."

Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí kòtò àkọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ fúnra rẹ̀ ló gbé dígà jáde. Nígbà tí ó dé ìdí, omi dúdú ru sókè: páìpù náà ti là tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ó sùn sínú ẹ̀gbin. Alága ṣí fìlà. Wọ́n pààrọ̀ páìpù náà, wọ́n fọ àwọn táǹkì, àìsàn náà sì dáwọ́ dúró. Màmá ní kí wọ́n kọ orúkọ Afeez ṣáájú tàwọn nínú ìròyìn iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe.

Láti ìgbà náà, Màmá ń kọ́ àwọn púlọ́ńbà bí a ṣe ń gbọ́ ilẹ̀, ní gbọ̀ngàn ìjọ, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń jókòó pọ̀ níbẹ̀. Bí a bá yọ ti etí wọn kúrò, Màmá kò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ fi pa mọ́, wọ́n sì máa ń pẹ́ dé ibi gbogbo àyàfi sáìtì. Bàbá wa ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2021. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni Màmá jókòó nílé, wọ́n padà síṣẹ́.

Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Màmá sùn nínú Olúwa ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Seth, Bukky àti Adéyọ̀sọ́lá, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún, tí Ṣìmí àti Dammy jẹ́ àgbà wọn.

Nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwa ọmọ ti ń gbèrò ẹni tí yóò mú arúgbó sọ́dọ̀. Ọdún mẹ́wàá ni a fi ń sáré tẹ̀ lé wọn, a kò bá wọn. Ẹnu ṣì ń yà wá.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Kí Ẹni tí ó rán yín wá gbà yín tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹ sùn ire o.