Àpótí Owó Ọpẹ́

                                        Yàrá ẹ̀yìn,
                                        Òkè ilé atúnbàtàṣe,
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Òkúdù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àìrójú. Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá kékeré yẹn tí kì í jẹ́ kí èèyàn jẹun tán kó tó tọrọ ẹran? Mo gbàgbọ́ pé ara gbogbo yín le. Ara tèmi náà le, ọkàn ni kò balẹ̀. Ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Ohun tójú mi rí níbi iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n lè mú bíírò.

Ṣé ẹ rántí bàbá tó ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ wa? Bàbá Ọlọ́ṣẹ là ń pè wọ́n, torí ọṣẹ kì í gbẹ lápá wọn. Wọ́n máa ń sọ pé nínú gbogbo ayé, àwọn nìkan ni ọwọ́ wọn kì í kúrò nínú abọ́ tí ikùn wọn kì í sì í kún.

Owó oṣù wa kéré. Owó ọpẹ́ tí oníbàárà máa ń tì sí àwa agbáwo lọ́wọ́ kó tó dìde la fi ń gbọ́ bùkátà. Àwọn tó wà nílé ìdáná kì í rí nínú ẹ̀, torí oníbàárà kì í rí àwọn náà. Nígbà tí máníjà tuntun dé, a sọ ọ́ ní Kò-sí-wàhálà, torí kò sí ohun tí èèyàn sọ tí kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn dáhùn. Ó gbé àpótí onírin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó ní ká máa sọ gbogbo owó ọpẹ́ sínú ẹ̀, a ó máa pín in lóṣooṣù dé ìdí iná, a ó sì máa ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ẹni tí àìsàn bá kọlù.

Àwa agbáwo kùn. Bàbá Ọlọ́ṣẹ ló bẹ̀ wá. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, abọ́ tó dọ̀tí kì í mówó wá. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tó fọ̀ ọ́ náà tọ́ díẹ̀ wò." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, la bá gbà. Ẹ̀ẹ̀kan péré la pín in. Lẹ́yìn ìyẹn, bá a bá ti bèèrè, máníjà á ní kò sí wàhálà, ó ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí èrò pọ̀, ilẹ̀ ilé ìdáná ń yọ̀. Alásè ń gbé ìkòkò òróró gbígbóná sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, òróró náà bá dà sí ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá Ọlọ́ṣẹ, láti orúnkún dé ọmọ ìka. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Kò-sí-wàhálà sáré jáde. A rò pé mọ́tò ló lọ wá. Àṣé rédíò ló lọ yí sókè, kí àwọn oníbàárà má baà gbọ́.

Ilé ìwòsàn ní ká kọ́kọ́ sanwó. A pa dà lọ bá Kò-sí-wàhálà pé kó ṣí àpótí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni kò rántí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́, pé owó náà ni wọ́n fi ra àwọn àga tuntun tó wà ní yàrá ìjẹun. Mo ní, "Owó wa yẹn?" Ó ní kí n lọ bi ọ̀gá.

Ọ̀gá tó ni ilé oúnjẹ, obìnrin bíi tèmi tiyín, ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ta ló ni òrùlé? Ta ló ni oúnjẹ? Àga ta ni oníbàárà jókòó lé kínú ẹ̀ tó dùn tó ń fún yín lówó?" Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹsẹ̀ bàbá yẹn ti ń wú." Wọ́n ní kí n pa ilẹ̀kùn dé tí mo bá ń jáde.

A yá, a tọrọ. Kówó tó pé, ẹsẹ̀ ti kẹ̀. Wọ́n gé e lókè orúnkún.

Ọjọ́ tí mo gbọ́, mo wà nínú yàrá ìjẹun pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń ti owó sí mi lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mi ò mọ̀gbà tẹ́nu mi là. Mo ní, "Sà, ẹ gbowó yín. Àga tí ẹ jókòó lé ló ń gbà á, kì í ṣe èmi. Bàbá tó ń fọ abọ́ yín wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti gé wọn lẹ́sẹ̀." Obìnrin kan gbé ṣíbí sílẹ̀. Olùkọ́ náà dìde, wọ́n wo àga yẹn bí ẹni tó jókòó lé ẹ̀gbin. Kò-sí-wàhálà ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Mo bọ́ ọ.

Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, èrò dín kù, ọ̀gá bá ní kí wọ́n gbé àpótí kúrò, kí agbáwo kọ̀ọ̀kan máa mú tirẹ̀. Wọ́n sì yọ oúnjẹ ọ̀sán àwọn òṣìṣẹ́ kúrò láti fi dí owó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò-sí-wàhálà ṣì wà lórí àga rẹ̀. Èmi ń báni fọ aṣọ, mo ń rí ọwọ́ mú lọ sẹ́nu.

Lánàá, mo lọ kí Bàbá Ọlọ́ṣẹ. Wọ́n ti rù. Wọ́n ń dápàárá pé kí n bá àwọn wá ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ òsì, káwọn jọ máa dá owó bàtà. Mo sọ fún wọn pé àpótí ti kúrò. Inú wọn dùn. Wọ́n bèèrè ẹni tó ń fọ abọ́ báyìí. Mo ní opó kan ni.

"Ṣé àwọn ọmọ yẹn ń fún un nínú tiwọn?"

Ẹ̀gbọ́n mi, alásè ti sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó ń fún obìnrin yẹn ní nǹkan kan. Kálukú ti so tirẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Mo wojú bàbá náà, mo ní, "Wọ́n ń fún un, sà. Gbogbo wọn ni."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ọmọ dáadáa ni wọ́n." Wọ́n kọjú sí ògiri, oorun sì gbé wọn lọ.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì gbé kékeré yẹn jó fún mi. Ẹ kí ìyá wa, àmọ́ ẹ má sọ fún wọn pé wọ́n lé mi níbi iṣẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń ru. Ká ríra láyọ̀.

                                        Èmi ni tiyín,
                                        Àbúrò tí ẹ fi ẹ̀yìn yín pọ̀n.