Irin Yábàá Tó Kọ́ṣẹ́ Lọ́dọ̀ Fàsásì

Máyọ̀kún, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Yábàá, ṣé ẹ̀fọn ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn? O ò ní kàwé débi tí wàá gbàgbé orúkọ tá a sọ ẹ́. Àwa náà wà, bàbá ẹ ń kí ẹ, orúnkún mi nìkan ló ń ké bí ilẹ̀kùn àlòkù.

Ọ̀rọ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó o gbàgbé sórí tábìlì nígbà Àjíǹde ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tó o fóònù pé òun ni Púrọ́fẹ́sọ̀ máa fi dán ẹ wò ní Mọ́ńdè, pé tí ò bá sí, ó di ọdún tó ń bọ̀, mo ní ó wà nílé. Mi ò purọ́, nílé ló wà. Orí igi tá a fi ń já ìbẹ́pẹ ló wà.

Má bínú, mi ò mọ̀ pé ó níṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ti gbé e fún Fàsásì alágbẹ̀dẹ, ó tẹ̀ ẹ́ bí ìkọ́, ó fi ẹ̀mú dì í mú nínú iná títí ó fi pọ́n yòò, ó jù ú sómi, ìbẹ́pẹ sì ń bọ́.

Mo bá sáré tú u, mo fọwọ́ nà án tọ́, mo da omi gbígbóná sí i bó o ṣe ṣe é fún wa, pé á rántí ara ẹ̀, á ká bíi sípíríǹ inú báírò. Ó rántí lóòótọ́. Ìkọ́ ló rántí. Mo tún nà án, mo tún da omi sí i, ìkọ́ náà ni. Mo bá a wí títí, ni Bàlíkísù ilé kejì bá ní kí Màmá Máyọ̀kún rọra o, irin yìí gbọ́ràn ju gbogbo ọmọ òun lọ. Bàbá ẹ ní bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, ó lọ yọ òòfà inú rédíò tó bàjẹ́, torí o ní òòfà kì í mú irin ẹ àfi tó bá gbóná. Nígbà tí irin tutù, òòfà ò rí tiẹ̀ rò. Bó ṣe gbóná báyìí, ó fò mọ́ ọn, bó o ṣe wí gẹ́lẹ́. Irin ẹ ni. Ìwà ẹ̀ ló yí padà.

Mo padà sọ́dọ̀ Fàsásì. Ó ní ohun tí iná kọ́ ọ, iná náà ló máa pa á rẹ́. Ó wé e mọ́ sípóòkì kẹ̀kẹ́, ó tì í bọná, ó pọ́n, ó jù ú sómi. A nà án, a da omi gbígbóná lé e, ó ká! Mo jó. Àfi pé ọlọ́wọ́ òsì ni Fàsásì, apá òsì ló wá ká sí.

Teslim dírẹ́bà á gbé e dé gáréèjì Jíbówú ní Sátidé. Inú fúláàsì omi tútù ni mo fi í sí, kó má lọ rántí nǹkankan lójú ọ̀nà.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ká ra ìkọ́ tí ò kàwé. Nọ́ńbà àkáǹtì mi, ìdajì rèé: 30617. Mo ti kọ́ Teslim ní ìdajì tó kù, kí olè má baà rí gbogbo ẹ̀ kó lẹ́ẹ̀kan.

Tí Púrọ́fẹ́sọ̀ bá bèèrè ìdí tó fi ká sósì, má purọ́. Sọ pé Fàsásì ló ṣe é, èédú ló lò, kò dúró de iná mànàmáná. Tí wọn ò bá sì jẹ́ kó o yege, Fàsásì ní àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì, òun ò gba fọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n wàá yege. Iná tí wọ́n bá fi dán ẹ wò, inú ẹ̀ lo ti máa dán.

Èmi ni, ìyá ẹ.